“Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kò ní mú mi mọ́!”

Ojú ìwé yìí ni Màmá Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 34 lẹ́nu iṣẹ́ ní Zaria, Kano àti Abuja, ti máa ń dáhùn ìbéèrè yín. Ti oṣù kìíní ọdún 2022 rèé.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. N kò fẹ́ bá yín jà, ṣùgbọ́n mo gé ojú ìwé yín ti oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, tí ẹ kọ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, pamọ́. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni pé: “Ẹ gba méjèèjì, kí ẹ lọ fọkàn balẹ̀, kò ní mú yín mọ́.” Èmi àti ìyàwó mi gba méjèèjì. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe Kérésìmesì, ọ̀fìnkìn dé, ọ̀fun ń dùn mí, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kòrónà ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀. Àbúrò mi tí kò gba ìkankan wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Bọ̀ọ̀dá, omi lásán ni wọ́n gún fún yín.” Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n tún lọ gba ẹ̀kẹta tí wọ́n ń pariwo yìí? — Bàbá Ìbejì, Nyanya

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Mo lọ tú àpótí mi, mo yọ ìwé ìròyìn ti oṣù kẹrin náà jáde, mo gbé awò sójú, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kí n sọ pé olóòtú ló fi kún un, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́.

Ayọ̀ ló pa mí. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021, tí ọkọ̀ òfurufú gbé abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 4 dé pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe ní Abuja níbí, iwájú tẹlifíṣàn ni mo wà tí omijé ń dà lójú mi. Ẹ̀yin náà rántí ọdún 2020. Ní òpópónà wa ní Kubwa, èmi àti aládùúgbò mi kan la jọ ń wa mọ́tò kiri láago kan òru, tí a ń wá sílíńdà ọ́síjìn fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí a ó fi rí i gbé délé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú bàbá náà. Ẹni tó ti irú òru bẹ́ẹ̀ jáde, tó wá gbọ́ pé abẹ́rẹ́ dé, ẹnu rẹ̀ kì í ní ìjánu mọ́. Ẹ má bínú sí mi.

Ohun tó yẹ kí n kọ nìyí: abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ìlẹ̀kùn irin. Àní nígbà tí wọ́n ń dán an wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a rí lára àwọn tó gbà á tí àrùn náà ṣì mú. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni pé kì í jẹ́ kí àìsàn náà gbé èèyàn dé etí ibojì.

Lẹ́yìn náà ni Omicron, ẹ̀yà kòrónà tuntun, wá yọjú. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ni South Africa fi tó àjọ ìlera àgbáyé létí. Nígbà tó fi di ọjọ́ 26, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejìlá, NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, kéde pé ó ti wọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀gún kan wà lára kòkòrò kòrónà tó fi ń so mọ́ ara wa. Ibi tó ti yí padà lára ẹ̀gún Omicron lé ní 30.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òmù-Àrán, eégún kan wà tó máa ń dá ẹ̀kú tuntun. Aṣọ ni àwa ọmọdé fi ń dá a mọ̀. Ọdún tó bá ti pààrọ̀ aṣọ, a ó kàn dúró tì í ni, a ó máa yà á wò, àfi ìgbà tí pàṣán bá balẹ̀ sẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà nínú ilé, tí kò tilẹ̀ rí aṣọ náà, á ti pariwo: “Ẹ sá wọlé o, òun náà ló ń bọ̀ yẹn!” Ìró ẹsẹ̀ ló gbọ́. Eégún náà a máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. (Ìyá àgbà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Obìnrin kì í mọ awo. Bó bá mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ wí.)

Oríṣi méjèèjì ló wà nínú ara yín. Àwọn tí dókítà ń pè ní antibody, aṣọ ni wọ́n ń wò, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì máa ń dúró sí. Aṣọ tí kòrónà àkọ́kọ́ wọ̀ ni abẹ́rẹ́ fi hàn wọ́n. Omicron dé pẹ̀lú ẹ̀kú tuntun, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ó tún wá bọ́ sí ìgbà tí wọn kò pọ̀ mọ́, nítorí bí oṣù bá ti ń gorí oṣù lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì ni iye wọn ń lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló fa ọ̀fìnkìn yín. Àwọn yòókù, tí wọ́n ń pè ní T cell, ìyá àgbà ni wọ́n. Ìgbà tí àlejò náà bá wọlé tán ni wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, Omicron kò sì tíì rí ẹsẹ̀ yẹn pààrọ̀ tó bó ṣe pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ fi dùbúlẹ̀. Mi ò ní sọ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló ṣe é, kí ẹ má baà tún gé ojú ìwé yìí náà pamọ́ dè mí. Omicron fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró bí Delta, ẹ̀yà tó ṣáájú rẹ̀, ṣe ń wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹni tí kò gba nǹkan kan ló yá sí orí bẹ́ẹ̀dì ọ́síjìn ju ẹni tó gbà á lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń rí i níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kà wọ́n. Ní ti àbúrò yín, ẹ bá mi bi í pé omi wo ló ń mú ara èèyàn gbóná mọ́jú, tí apá kò ṣeé gbé sókè lọ́jọ́ kejì.

Ẹ gba ẹ̀kẹta. Ìṣirò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lóṣù kejìlá fi hàn pé AstraZeneca méjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Omicron dúró kó má mú èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta gbé agbára náà padà sókè dáadáa. Láti ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ni wọ́n ti ń fúnni níbí. Bó bá jẹ́ AstraZeneca, Moderna tàbí Pfizer ni ẹ gbà, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀kejì; ti Johnson & Johnson, oṣù méjì. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára káàdì yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ara yín yá tán ná.

Màmá, mo rí àwòrán ibi tí wọ́n ti ń da abẹ́rẹ́ nù ní ààtàn Gosa. Ṣé èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n gún fún wa? — Ìyá Bọ̀sẹ́, Lugbe

Ìyá Bọ̀sẹ́, èyí tí ẹ rí tí katakata ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Gosa lọ́jọ́ 22 oṣù kejìlá, kò kan apá ẹnikẹ́ni. Nítorí kí wọ́n má baà gún un fún yín ni wọ́n ṣe dà á nù. Iye rẹ̀ jẹ́ 1,066,214.

Ohun tó ń bí èmi nínú yàtọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó pa abẹ́rẹ́ yìí mọ́ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ pé, kí wọ́n tó fi ta wá lọ́rẹ. Olówó tó fi ọbẹ̀ sínú fìríìjì títí ó fi fẹ́ kan, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí aládùúgbò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan ṣe ń ṣòfò lọ́dọ̀ àwa náà. Ìgò AstraZeneca kan, ti èèyàn 10 ni. Bí nọ́ọ̀sì bá ti gún abẹ́rẹ́ bọ ọ́, wákàtí mẹ́fà péré ló kù tí yóò fi ṣeé lò. Mo lọ ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ níbì kan lóṣù kẹwàá. Èèyàn méje ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀sì ò sì ṣí ìgò. Bàbá kan ń kùn pé ṣé ìdìbò ni. Èmi ni mo jáde sí títì, mo bẹ obìnrin alátà kan àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Napep méjì. Ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ní kí n san owó èrò tí òun ì bá ti gbé. Mo fún un ní 500 náírà. Ẹ má sọ fún ìjọba.

Ẹ kú ojúmọ́, Mà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Fẹ́dírà Sẹ́kítéríàtì. Nígbà tí wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ẹni tí kò bá ní káàdì tàbí àyẹ̀wò tí kò ju wákàtí 72 lọ kò ní wọlé, ó lọ ra káàdì. Wọn ò gún un lábẹ́rẹ́ kankan. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ìyàwó Kékeré, Gwarinpa

Ọmọ mi, ní Zaria ní 2005, tí a ń gbé kúlà kiri láti ilé dé ilé nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ọmọ tí a bá ti kán an sí lẹ́nu, a máa ń fi ín-ìnkì sàmì sí ọmọ-ìka ìkẹyìn lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ìyá kan gbọ́ pé à ń bọ̀, ó yára fi báírò kun ìka ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló kùn.

Káàdì ọkọ rẹ lè tan mẹ́gàdì Sẹ́kítéríàtì. Má bá a jà, má sì lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn níbi iṣẹ́. Bi í pé kí gan-an ló ń bà á lẹ́rù tó fi yàn láti náwó sí ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sọ ọ́ fún ọ, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, n ó dá a lóhùn níbí láì dárúkọ rẹ̀.

Màmá, Sabon Gari ní Kano ni mo ń gbé. Hajiya tí a jọ wà nínú ọgbà kan náà ní òun kò ní gba abẹ́rẹ́ láéláé, pé a ti gbàgbé 1996. Wọ́n wá gbọ́ pé Omicron ń mú àwọn tó gbà á, wọ́n ní “Ṣé o rí i?” Mo fẹ́ràn wọn, àtọ̀gbẹ sì wà lára wọn. — Sísí Alákàrà, Kano

Má fi Hajiya rẹ́rìn-ín o. Ohun tí wọ́n ń sọ ṣẹlẹ̀. Ní 1996, tí yírunyírun tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau ń pa àwọn ọmọ ní Kano, ilé-iṣẹ́ olóògùn kan láti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ọmọ bíi 200 ni. Ìdajì gba oògùn tuntun, ìdajì gba èyí tí a ti mọ̀. Ọmọ 11 kú, láti ìhà méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ náà ní sankarau ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọdún 2009 ni òun àti ìjọba Kano tó parí ẹjọ́ náà, lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là.

Nítorí náà, nígbà tí Kano, Kaduna àti Zamfara dá abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, inú ń bí èmi, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Kano kò gbà títí di 2004, ìgbà tí wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àrùn náà ti gba ibí dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ oríṣi rẹ̀ ti àtilẹ̀wá. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó.

Obìnrin oníbáírò tí mo sọ lókè yẹn, mi ò pariwo lé e lórí. Mo tọrọ omi, mo jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 1996 náà ló sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kano ló gbé e délé. Mo gbọ́ ọ tán. Mo ní èyí tí mo gbé wá yìí, mo ti kán an sẹ́nu àwọn ọmọ tèmi, n kò sì ní kán an sẹ́nu tirẹ̀ láì jẹ́ pé ó ní kí n ṣe é. Kò gbà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a padà dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà jáde.

Sísí, sọ fún Hajiya pé òótọ́ ni, Omicron ń mú àwọn tó gbà á. Má bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí èmi ti ṣìṣe lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Sọ pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wà lára àwọn tí kòrónà máa ń ṣe léṣe jù, àti pé nítorí òru tí èémí bá fẹ́ dí ni abẹ́rẹ́ yìí ṣe wà. Bí wọ́n bá ní àwọn á ronú sí i, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ronú. Bu àkàrà fún wọn.

Mà, ṣé àbúrò mi lè lọ sí ìlú òyìnbó fún ilé-ìwé rẹ̀ báyìí? Wọ́n ní wọ́n ti ti ọ̀nà nítorí Omicron. — Akin, Jabi

Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà sínú ìwé pupa wọn, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dínà mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ 15, wọ́n ti yọ wá. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó gbé káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pásípọ́ọ̀tù, kó ka orúkọ méjèèjì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, “Oluwaseun” ni pásípọ́ọ̀tù ń jẹ́, “Oluwashewun” ni wọ́n kọ sára káàdì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi sáré kiri Abuja.