“Tāku” ni àbí “tōku”? “Mi” méjì tó wà nínú èdè Māori

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Auckland ní New Zealand là ń gbé, ọmọbìnrin mi sì ń kọ́ èdè Māori, èdè àwọn onílẹ̀ ibí, níléèwé. Ó kọ “tāku whare” fún “ilé mi”, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní “tōku whare” ni. Ó kọ “tāku kurī” fún “ajá mi”, wọ́n ní ó gbà á. Ṣé “mi” kan náà kọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀gbọ́n. “Mi” ni méjèèjì, àmọ́ Māori máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó da èèyàn àti nǹkan yẹn pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìkáwọ́ mi ló wà, tí mo ṣe é tàbí tí mò ń bọ́ ọ, tāku ni: ajá, oúnjẹ, ìwé. Ọmọ àti ìyàwó tàbí ọkọ náà wà níbẹ̀, torí èmi fúnra mi ni mo dá àjọṣe yẹn sílẹ̀. Àmọ́ bàbá àti ìyá ti wà kí n tó dé, tōku nìyẹn, òun náà ni fún orí, ọwọ́, ilẹ̀, àti ohun tó bò mí bí ilé àti aṣọ, àti ohun tó ń gbé mi rìn, ìdí nìyẹn tí ajá fi jẹ́ tāku tí ẹṣin jẹ́ tōku, ẹṣin là ń gùn.

Orin ló wù mí jù. “Tāku waiata” ni orin tí mo kọ, “tōku waiata” ni orin tí wọ́n kọ nípa mi. Tá a bá ní “orin mi” ní Yorùbá, àfi kẹ́ ẹ tún bi mí kẹ́ ẹ tó mọ èwo ni.

Kó sì máa wo ọ̀rọ̀ tó lò, torí “tāku wahine” ni ìyàwó mi, àmọ́ tó bá pè é ní hoa rangatira, tōku ló máa di, torí hoa, ìyẹn ọ̀rẹ́, tōku ló ń gbà. Oúnjẹ jẹ́ tāku, omi mímu jẹ́ tōku, èyí kàn gba kó há a sórí ni. Tí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ, t yẹn á bọ́: āku kurī, ōku whare. Tí ò bá dá a lójú, kó kọ taku láìsí ìlà lórí a, ó ń bá méjèèjì lọ.

Ti ọ̀rọ̀ ìṣe ò le fún ọmọ Yorùbá rárá. Wọn ò ní “ní” tiwa yìí, “He kurī tāku” ni “mo ní ajá”, bí ẹni sọ pé ajá kan ni tèmi. Ọ̀rọ̀ ìṣe ò sì ń yí padà torí àsìkò, bíi tiwa gẹ́lẹ́: “Kei te horoi ia i tōna motokā”, ó ń fọ mọ́tò ẹ̀, “Kua horoi ia i tōna motokā”, ó ti fọ mọ́tò ẹ̀. Kei te ló ń ṣiṣẹ́ “ń”, kua ló ń ṣiṣẹ́ “ti”, ọ̀rọ̀ ìṣe ló kàn ń ṣáájú ẹni tó ṣe é, ia yẹn sì wà fún ọkùnrin àti obìnrin bíi “ó” wa.

Lálẹ́ òní, ẹ ní kó máa na ìka sí nǹkan inú ilé kó máa pè é: tōku ringa, ọwọ́ mi, tōku pōtae, fìlà mi, tāku pene, bírò mi.