Ṣé mọ́tò Amẹ́ríkà ló bàjẹ́ ni, àbí orúkọ ẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé nípa mọ́tò Amẹ́ríkà lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mẹ́ta ni mo mú, àkọ́kọ́ ni mo sì máa jókòó tì jù torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Columbus, Ohio ni mo ń gbé, mo fẹ́ ra mọ́tò kí ọdún tó parí, àwọn àgbàlagbà méjì ló ń dà mí lọ́kàn rú. Bàbá ìyàwó mi ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1974, wọ́n ní mọ́tò Amẹ́ríkà kan táwọn rà ní tuntun nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ìpẹtà ti jẹ fẹ́ńdà ẹ̀ tán, ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, láti ìgbà yẹn wọn kì í gbọ́ orúkọ mọ́tò Amẹ́ríkà kí wọ́n má pòṣé. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, òyìnbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní tòun nígbà tóun wà lọ́mọdé kò sí mọ́tò láyé yìí tó tó Cadillac. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, irọ́ ò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì, ìgbà tí kálukú wọn ń sọ ni ò pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọ̀gá yín. Ní 1908, wọ́n kó Cadillac mẹ́ta lọ sí Brooklands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú gbogbo wọn palẹ̀ títí dórí nọ́ọ̀tì, wọ́n da àwọn irin ẹ̀ pọ̀ mọ́ra débi pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti mọ́tò wo mọ́, wọ́n wá ní kí mẹkáníìkì to mọ́tò mẹ́ta jáde padà látinú òkìtì yẹn. Wọ́n tò ó, ó stáàtì, ó sì sáré máìlì 500. Ẹni tí ò bá mọ bí mọ́tò ayé ìgbà yẹn ṣe rí lè máa rò pé kí nìyẹn, àmọ́ nígbà yẹn irin tó wà lára mọ́tò tèmi lè má wọ mọ́tò tìẹ láé bó tiẹ̀ jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, wọ́n á fi fáìlì ha á, wọ́n á ha á títí á fi gbà. Henry Leland tó dá Cadillac sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìbọn ló ti kọ́ṣẹ́, kì í fi ìwọ̀n ṣeré rárá. Royal Automobile Club ní London fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ Dewar torí ẹ̀. Orúkọ tí ọ̀gá yín ń sọ yẹn, wọ́n ṣiṣẹ́ fún un.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mọ́tò Amẹ́ríkà wá di ọba pátápátá, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1962, tí wọ́n bá ta mọ́tò méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ẹ̀ ti General Motors (GM) ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ẹni tí ìdajì ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ta ni yóò bẹ̀rù? Ó ti pẹ́ tí Alfred Sloan, ọ̀gá GM láyé àtijọ́, ti gbé àṣà kan kalẹ̀ pé kí ojú mọ́tò máa yí padà lọ́dọọdún kí tèṣí lè dà bí ẹni pé ó ti gbó lójú ẹni tó ń gùn ún, àṣà yẹn mú owó wọlé lóòótọ́, àmọ́ owó àti àsìkò tó yẹ kí wọ́n fi wo ohun tó wà lábẹ́ pánù, orí pánù ni wọ́n ń ná an sí. Ní 1957 Chrysler gbé mọ́tò tó rẹwà jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ nà sókè bí ìyẹ́ bàálù, gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kánjú ṣe é, omi ń wọlé, ìpẹtà tètè mú un, Chrysler táwọn èèyàn sì ti mọ̀ mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìníà tó dáńgájíá gbọgbẹ́ níbẹ̀.

Ó wá ku bàbá ìyàwó yín. Ẹ ò sọ irú mọ́tò tí wọ́n rà, mi ò sì bi yín, ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ láyé ìgbà yẹn torí Ohio yín gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ní Lordstown, GM ń ṣe Chevrolet Vega tí wọ́n fẹ́ fi dojú kọ àwọn mọ́tò kékeré tó ń ti òkè òkun wá. Wọ́n ní kí mọ́tò tó lé ní 100 máa jáde ní wákàtí kan, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 60 ni wọ́n ń ṣe níbòmíì, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 36 ló kan òṣìṣẹ́ kan kí mọ́tò tó sún kọjá níwájú ẹ̀, tí bóòtù ò bá wọlé dáadáa, mọ́tò ti lọ nìyẹn. Ní 1972 àwọn òṣìṣẹ́ yẹn daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ó máa ń dùn mí tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ṣé àwọn ló ní kí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ẹ́ńjìnnì kí wọ́n má sì fi irin tẹ́ inú síláńdà, tó fi jẹ́ pé tó bá ti gbóná jù, á há, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì? Ṣé àwọn ló yọ ìbòrí inú fẹ́ńdà kúrò kí owó díẹ̀ lè ṣẹ́kù sápò ilé-iṣẹ́, tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín wá ń jẹ pánù látinú wá síta? Ọ́fíìsì lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀. Vega yìí náà sì ni ìwé ìròyìn Motor Trend fún ní ẹ̀yẹ mọ́tò ọdún 1971 o, kó tó di pé ojú àwọn tó rà á là.

Kì í ṣe Vega nìkan. Ford Pinto, táǹkì epo ẹ̀ wà lẹ́yìn níbi tó ti lè bẹ́ tí wọ́n bá gbá a látẹ̀yìn, wọ́n pe nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ padà wá tún ṣe ní 1978. Oldsmobile gbé ẹ́ńjìnnì dísù jáde nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1978, bóòtù tó mú orí ẹ̀ ò lágbára tó, gásíkẹ́ẹ̀tì ń já, títí dòní ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ò fẹ́ gbọ́ dísù nínú mọ́tò kékeré. Èyí tó dùn mí jù ni ti Cadillac fúnra ẹ̀: ní 1981, GM tó ni Cadillac àti Chevrolet mú Chevrolet Cavalier, mọ́tò kékeré tí owó ẹ̀ ò wọ́n, wọ́n fi awọ bo àga inú ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Cimarron, wọ́n gbé owó gọbọi lé e. Cadillac tí wọ́n tú palẹ̀ ní Brooklands!

Láàárín ìgbà yẹn epo ti wọ́n ní 1973, ó tún wọ́n ní 1979, àwọn èèyàn wá ń ra mọ́tò Japan torí epo, wọ́n dé inú ẹ̀ tán wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀ pa dé dáadáa, pé láàárọ̀ ìgbà òtútù ó ń stáàtì ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ mọ ẹni tó wà lára àwọn tó kọ́ àwọn ará Japan ní bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iṣẹ́ kó má baà lábùkù? Ọmọ Amẹ́ríkà ni, W. Edwards Deming, 1950 ló ti ń kọ́ wọn, wọ́n sì ti ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn lórúkọ ẹ̀ ní Japan láti 1951. Ó di ọgbọ̀n ọdún kí Ford tó wá a lọ.

Ẹ gbọ́ èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún bàbá ìyàwó yín. GM ní ilé-iṣẹ́ kan ní Fremont, California, tó burú débi pé wọ́n tì í pa ní 1982, àwọn òṣìṣẹ́ ń pa iṣẹ́ jẹ, mọ́tò tó ní àbùkù ń jáde lọ torí pé èèwọ̀ ni kí iṣẹ́ dúró. Ní 1984 Toyota àti GM jọ ṣí i padà, wọ́n pe orúkọ ẹ̀ ní NUMMI, wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn padà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà, wọ́n kó àwọn kan lọ sí Japan lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Okùn kan wà lórí ibi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá rí àbùkù á fà á, tí wọn ò bá tètè rí i tún ṣe, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Kò pẹ́ rárá tí mọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ fi wà lára àwọn tó dáa jù tí GM ń tà. Ọwọ́ kan náà ni o! Ẹ̀yìn ìlú yín náà ni Marysville wà, níbi tí Honda ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Accord ní 1982, ọmọ Ohio ló ṣe é.

Àmọ́ ẹ wò ó, ní NUMMI yìí Toyota Corolla àti Prizm ti GM jọ ń jáde lórí ìlà kan náà, abẹ́ wọn ò yàtọ̀, síbẹ̀ Corolla ló ń tà jù, ẹni tó bá sì fẹ́ ta Prizm àlòkù, owó tí wọ́n á fún un kéré sí ti Corolla. Iṣẹ́ ti dáa, orúkọ ò tíì gbọ́. Ohun tó ń ṣe mọ́tò Amẹ́ríkà láti ìgbà náà nìyẹn, ìyà Vega ni ọmọ ẹ̀ ń jẹ.

Nítorí náà ẹ má fi orúkọ ra mọ́tò, ẹ fi mọ́dẹ́ẹ̀lì àti ọdún rà á. Nínú Ford nìkan, Crown Victoria tí àwọn ọlọ́pàá àti onítakisí lò títí 2011 lágbára bí irin ojú òpó rélùwéè, àmọ́ Focus àti Fiesta tó ní gíà PowerShift, láti nǹkan bí 2012 sí 2016, ẹ sá fún un. Buick tó ní ẹ́ńjìnnì 3800 máa ń pẹ́ gan-an tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun, ẹ má rà á lọ́dún tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ tún bá mi sọ fún bàbá pé mítà máìlì inú ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà ìgbà tiwọn, nọ́ńbà márùn-ún péré ló ní, tó bá ti dé 99,999 á padà sí òdo, bí ẹni pé kò yẹ kó dé ibẹ̀, lónìí sì rèé, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí mọ́tò tó ń rìn ní Amẹ́ríkà ti kọjá ọdún 12.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n fi pa Saturn? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lo tiẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá, kò fún wọn ní wàhálà kankan. (Houston)

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ìbéèrè yẹn máa ń ká mi lára. GM dá Saturn sílẹ̀ láti fi hàn pé àwọn náà lè ṣe é, ilé-iṣẹ́ tuntun ní Spring Hill, Tennessee, mọ́tò àkọ́kọ́ jáde ní 1990, ilẹ̀kùn ẹ̀ kì í tẹ̀ tí nǹkan bá gbá a torí ike ni, kì í ṣe pánù, wọn kì í sì ná owó ẹ̀, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ máa san. Àwọn tó rà á fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọ. Ṣùgbọ́n GM febi pa á. Wọ́n jẹ́ kó máa ta mọ́tò kékeré kan náà ṣáá fún bí ọdún mẹ́wàá, torí jíìpù ńláńlá àti píkọ́ọ̀pù ni èrè wà, ibẹ̀ ni gbogbo owó ń lọ. Nígbà tí epo wọ́n ní 2008 tí ọrọ̀ ajé sì dẹnu kọlẹ̀, Chrysler lọ kọ́ọ̀tù lórí gbèsè ní April 2009, GM tẹ̀ lé e ní June 1. Penske, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta mọ́tò, fẹ́ ra Saturn, ọ̀rọ̀ náà já ní September, ó tán nìyẹn, òun àti Pontiac. Ford nìkan ló bọ́, torí ní 2006 wọ́n ti fi ohun ìní wọn dógò yá owó rẹpẹtẹ, títí kan àmì búlúù tó wà níwájú mọ́tò wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò mi kọ̀wé sí mi pé kí n gbé e wá, pé nǹkan kan wà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Ṣé mo ti ra mọ́tò burúkú nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Èyí tí wọn ò kọ̀wé nípa ẹ̀ ló ń pààyàn. Ní 2014 ni GM tó pe Chevrolet Cobalt, Saturn Ion àti àwọn míì padà torí ṣíwíìṣì kọ́kọ́rọ́ tó lè yí fúnra ẹ̀ lórí ìrìn, ẹ́ńjìnnì á kú, báàgì afẹ́fẹ́ ò ní yọ tí mọ́tò bá forí sọ. Ohun tí owó ẹ̀ ò tó dọ́là kan ni, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn kan nílé-iṣẹ́ yẹn ti mọ̀ pé ó ní àbùkù. Èèyàn 124 ni GM sanwó ikú wọn. Láti ìgbà yẹn wọ́n ti ń tètè pe mọ́tò padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó di 2025 Ford pe mọ́tò padà lọ́pọ̀ ìgbà ju bí ilé-iṣẹ́ kankan ṣe ṣe rí láàárín ọdún kan, ó tì wọ́n lójú, àmọ́ mo fara mọ́ ọn ju kí wọ́n dákẹ́ lọ. Ẹ mú nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú mọ́tò yín lápá dírẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò àti ojú pópó, gbogbo ohun tó kù tí wọn ò tíì ṣe lára mọ́tò yẹn á jáde. Tí mọ́tò yín ò bá tíì ju ọdún 15 lọ, ọ̀fẹ́ ni, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.