Odò Tó Kún Lónìí, Tó Gbẹ Lọ́la: A Dáhùn Ìbéèrè Yín Lórí Omi

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ odò àti omi mímu kò kéré rárá, a sì ti yan díẹ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá kà wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni ìdáhùn wọn forí lé: ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo omi ní àkókò tí ojú ọjọ́ ń yí padà yìí, orí ilẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí omi tó dé inú odò, kí ó tó dé inú páìpù, nítorí omi tí ó bá ti bàjẹ́ tàbí tí ó ti ṣàn kọjá lọ, àtirí i gbà padà ṣòro, owó rẹ̀ sì máa ń ga.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ ló ń fa omíyalé, wọ́n tún ní òun náà ló ń fa ọ̀dá. Báwo ni ohun kan ṣoṣo ṣe lè fa méjì tí ó takora báyìí?

Ìdáhùn: Inú afẹ́fẹ́ ni ìdí rẹ̀ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ni ó ṣe lè gba ọ̀rinrin mọ́ra tó. Fún ìwọ̀n Celsius kan tí ooru bá fi lé sí i, ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ lè gbà yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Nígbà tí òjò kò bá sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí a máa fa omi kúrò nínú ilẹ̀, lára ewéko àti lójú odò ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí òjò bá wá dé, ohun tí afẹ́fẹ́ ti kó jọ yóò dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òjò tí ì bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan rọ̀ díẹ̀díẹ̀ yóò rọ̀ tán láàárín ọjọ́ kan. Ilẹ̀ kì í lè mu irú òjò bẹ́ẹ̀, pàápàá ilẹ̀ tí ọ̀dá ti sọ di líle, nítorí náà àgbàrá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dà, odò á kún àkúnya, omi á sì kọjá lọ sínú òkun láìjẹ́ pé ó wọ inú ilẹ̀ tó.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Ní oṣù Keje ọdún 2021, òjò ńlá mú kí odò Ahr àti àwọn odò kéékèèké mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà kún kọjá ààlà, àwọn tí ó kú níbẹ̀ sì lé ní 180. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, odò Rhine, tí Ahr yìí ń ṣàn sínú rẹ̀, fà débi pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù orí omi ní láti dín ẹrù wọn kù gidigidi kí ìdí wọn má baà kanlẹ̀. Ọdún kan àti oṣù kan péré ni ó wà láàárín méjèèjì.

Nítorí náà, kò tó kí a máa béèrè bí òjò ọdún yìí ṣe pọ̀ tó. A ní láti béèrè ohun tí yóò bá wa tọ́jú òjò náà di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ inú igbó tí ó rọ̀, àbàtà, àti omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, yìnyín orí òkè náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n òun ti ń yọ́ ṣáájú àsìkò rẹ̀ báyìí.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa lọ dé etí odò. Àwọn àbúrò mi ní kí a gé igi etí omi kí a lè rí àyè gbin nǹkan sí i, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo lè sọ tí yóò yé wọn.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e. Ilẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn yóò jèrè yẹn gan-an ni odò yóò kọ́kọ́ gbé lọ nígbà tí ó bá kún, nítorí gbòǹgbò igi ni ó di bèbè odò náà mú. Bí ẹ bá dúró létí odò níbi tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí i bí ilẹ̀ ṣe là gààràgà, tí bèbè rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ègé erùpẹ̀ sì ń já bọ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Erùpẹ̀ yẹn kò ní pòórá. Ìsàlẹ̀ odò ni yóò lọ rọ̀ sí, tí odò kò fi ní jìn mọ́, tí ìkún omi díẹ̀ yóò sì máa kọjá bèbè.

Ìdí kejì ni ibòji. Omi tí ó tutù máa ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ju omi gbígbóná lọ. Nígbà tí omi bá wà ní ìwọ̀n Celsius 10, lítà kan rẹ̀ lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 11 ọ́síjìn. Bí ó bá di 30, kò ní lè gbà ju nǹkan bí mílígíráàmù méje àbọ̀ lọ. Ọ́síjìn yẹn ni ẹja ń mí, òun náà ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ ìdọ̀tí inú omi ń lò. Ní àkókò tí ooru ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ẹni tí ó bá gé igi tí ń ṣíji bo odò kékeré ti fi ooru kún ooru.

Ìdí kẹta ni ó kan àwọn tí ń mu omi náà, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ àwọn àbúrò yín létí jù. Ajílẹ̀ tí a fọ́n sí oko kì í dúró síbi tí a fọ́n ọn sí. Àgbàrá á gbé e, nitrogen àti phosphorus inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tí ń mú ọ̀gbìn dàgbà, á wọ odò, wọ́n á sì máa bọ́ ọbẹ̀dò, ìyẹn ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ tí ó máa ń bo ojú omi. Irúfẹ́ rẹ̀ kan ń mú májèlé jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, tí ń fa omi rẹ̀ láti inú adágún Erie, ní láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tí ó tó 400,000 pé kí wọ́n má ṣe mu omi ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú phosphorus tí ó bọ́ ọbẹ̀dò adágún yẹn, láti orí oko ni odò Maumee ti gbé e wá. Wọn kò sì lè sọ pé kí àwọn ará ìlú se omi wọn kí wọ́n tó mu ún, nítorí pé bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni májèlé náà ṣe ń ki sí i. Koríko àti igi etí odò a máa dín eré àgbàrá kù, erùpẹ̀ á jókòó, gbòǹgbò á sì fa púpọ̀ nínú ajílẹ̀ náà mu kí ó tó dé inú omi.

Tí ẹ bá ń wá bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ fi ó kéré tán mítà 10 sílẹ̀ láti etí omi, kí ẹ sì fi í tó 30 níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí koríko wà lápá oko, kí igi wà lápá omi. Ẹ kọ ebè yín dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ kí ó lè dá omi dúró, ẹ má sì fọ́n ajílẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ṣú. Bí ẹ bá ń sin ẹran, ẹ pọn omi fún wọn sínú ọpọ́n lókè, kí pátákò wọn má máa fọ́ bèbè odò, kí ìgbẹ́ wọn má sì wọ omi.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe dáàmù ńláńlá ni ó yẹ kí àwọn ìjọba máa kọ́ báyìí, kí gbogbo wàhálà yìí lè tán?

Ìdáhùn: Dáàmù wúlò, a kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n dáàmù kò lè dá òjò sílẹ̀, oòrùn ń fa omi inú rẹ̀ lọ, erùpẹ̀ tí ń ti òkè odò wá sì ń dí i díẹ̀díẹ̀. Ìlú Cape Town ní dáàmù, síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí òjò kò rọ̀ tó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìjọba ìlú náà sì ti ń ka ọjọ́ tí wọn yóò ti ẹ̀rọ omi pa. Ohun tí ó kó wọn yọ títí òjò fi dé ni pé àwọn ará ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù sí nǹkan bí ìlàjì iye ti 2015. Lítà 50 ni wọ́n fi àyè gba ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún tẹra mọ́ gígé àwọn igi àjèjì, bí i páìnì àti yúkálíptọ́ọ̀sì, kúrò lórí àwọn òkè tí omi dáàmù wọn ti ń ṣàn wá, nítorí igi wọ̀nyẹn ń mu omi ju àwọn igbó kúkúrú tí a bí mọ́ ilẹ̀ náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò igi gbígbìn, ẹ fi èyí sọ́kàn: igi tí ó bá ilẹ̀ mu ni kí ẹ gbìn.

Ìlú New York gba ọ̀nà mìíràn, èyí tí mo gbóríyìn fún gidigidi. Dípò kí wọ́n ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là sórí ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sẹ́ omi, wọ́n bá àwọn ará òkè Catskill, níbi tí púpọ̀ nínú omi ìlú náà ti ń ṣàn wá, ṣe àdéhùn ní ọdún 1997: wọ́n ra ilẹ̀ igbó pamọ́, wọ́n ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí ìgbẹ́ ẹran má wọ odò, wọ́n sì tún kòtò ìdọ̀tí ilé ṣe. Títí di òní, èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ènìyàn ń mu níbẹ̀ kì í gba inú asẹ́ kọjá. Wọ́n kàn ń fi oògùn àti ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò inú rẹ̀ ni. Ẹni tí ó da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìbéèrè: Omi kànga wa lẹ́bàá òkun ti ń níyọ̀. Ṣé kí a gbẹ́ ẹ jìn sí i?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní etíkun, omi tútù abẹ́ ilẹ̀ fúyẹ́ ju omi òkun lọ, orí rẹ̀ ni ó sì máa ń léfòó sí, nítorí náà bí ẹ bá ṣe ń gbẹ́ jìn tó ni ẹ ó ṣe túbọ̀ sún mọ́ iyọ̀. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí omi tútù bá fi mítà kan péré lọ sílẹ̀, omi oníyọ̀ lè fi nǹkan bí 40 mítà gòkè láti ìsàlẹ̀. Ojú òkun pàápàá ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga láàárín ọdún 1901 sí 2018. Kí gbogbo àdúgbò dín fífa omi kù, kí ẹ lo kànga tí kò jìn ní ibi púpọ̀ dípò ọ̀kan tí ó jìn, kí ẹ gba òjò orí òrùlé pamọ́, kí ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni da erùpẹ̀ dí àbàtà ẹ̀yìn ilé yín. Sísè kì í mú iyọ̀ kúrò.

Ìbéèrè: Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òkú ẹja léfòó sójú odò wa. Àwọn kan ní ooru ló pa wọ́n, àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ kan ló da nǹkan sómi. Báwo ni a ṣe lè mọ̀?

Ìdáhùn: Méjèèjì ṣeé ṣe. Lóru, ọbẹ̀dò àti ewéko inú omi kì í mú ọ́síjìn wá, ńṣe ni wọ́n ń lò ó, nítorí náà àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọ́síjìn odò máa ń kéré jù. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ooru, tí omi fà, tí ojú rẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí àwọn ẹja ńlá sì kọ́kọ́ kú, tí àwọn yòókù ń ya ẹnu lójú omi, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àìtó ọ́síjìn. Bí àtẹja ńlá àtẹja kékeré àti akàn bá kú pọ̀ lójijì, tí òórùn tàbí àwọ̀ àjèjì sì wà, ẹ fura sí májèlé. Ẹ rìn gba etí odò lọ sókè títí ẹ ó fi dé ibi tí nǹkan abẹ̀mí ti wà láàyè. Àárín ibẹ̀ sí ibi òkú ẹja ni ohun tí ó fà á wà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ wákàtí àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ bu omi kún ìgò mímọ́ dẹ́nu, ẹ dé e, ẹ gbé e sí ibi tútù. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan omi náà, ẹ má sì jẹ ẹja yẹn.

Ẹ fi tó àwọn aláṣẹ àyíká àti ti omi létí lọ́jọ́ náà gan-an, láìbẹ̀rù, nítorí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2010 pé omi mímu tí ó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Nígbà tí iná jó ilé ìkẹ́rù kẹ́míkà kan lẹ́bàá ìlú Basel ní Switzerland ní oṣù Kọkànlá ọdún 1986, omi tí wọ́n fi pa iná náà gbé májèlé wọ odò Rhine, ó sì la orílẹ̀-èdè kan kọjá bọ́ sí òmíràn. Omi kì í dúró de lẹ́tà. Bí ẹ bá tètè pè wọ́n, wọn yóò lè pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi mímu kí ohun náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.