Ìkànnì ní kí n sanwó kí n tó ka àpilẹ̀kọ ìwádìí kan. Ṣé ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà?

Ó wà dáadáa. Ọ̀pọ̀ jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà tó ń gbé ìwádìí jáde) ló gba òǹkọ̀wé láàyè láti fi ẹ̀dà tirẹ̀, èyí tí àwọn olùyẹ̀wò, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún jọ́nà, ti fọwọ́ sí, sí àká orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yunifásítì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn máa ń ní kó dúró fún oṣù mélòó kan ná. Ìwádìí inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe to ojú ìwé ló yàtọ̀.

Ẹ kọ àkọlé àpilẹ̀kọ náà sínú Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá iṣẹ́ ìwádìí, kí ẹ wo àwọn ẹ̀dà mìíràn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún lè fi Unpaywall, àfikún kan tó ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́, sínú bùráúsà yín: bí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bá wà, àmì àgádágodo aláwọ̀ ewé tó ṣí sílẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà. Fún físíìsì àti ìṣirò, arXiv, àká iṣẹ́ ìwádìí ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ó ti wà láti 1991, àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ ni àwọn olùyẹ̀wò ti yẹ̀ wò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Jọ́nà kì í sábà fún un nínú owó tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín, ó sì sábà máa ń wù ú kí èèyàn ka iṣẹ́ rẹ̀.