Ẹṣin Ojúde Ọba lórí tábìlì adájọ́ Amẹ́ríkà: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìyá ọlọ́mọ. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin fẹ́ múra ẹṣin Breyer rẹ̀, ẹṣin ìṣeré oníke yẹn, bí ẹṣin Ojúde Ọba fún ìdíje ẹṣin ìṣeré, bíi ti Farooq Oreagba, ẹlẹ́ṣin tí àwòrán rẹ̀ gba orí ayélujára lọ́dún 2024. Ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ máa fi mú ọmọláńgidi jókòó lórí gàárì tí kò fi ní ṣubú, àti kíláàsì tí ẹ máa fi sí. Ojú egbò mi lẹ tẹ̀ yẹn.

Èmi náà ṣe é, ní Texas níbí, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ránṣọ. Àjákù sányán tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú Òde ni mo kọ́kọ́ gé. Àṣìṣe! Ẹṣin Breyer ńlá, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ẹṣin gidi ni. Aṣọ òkè lára nǹkan tó kéré tó yẹn, bí ẹní ló ṣe rí: ó le gbagidi, kò wálẹ̀. Mo tú u, mo fi síkáàfù sílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà, èyí tó kéré jù ni kí ẹ rà, torí èyí tó tó hóró àgbàdo máa dà bí ọsàn lọ́rùn ẹṣin yẹn.

Mo tò ó sórí tábìlì, ó gún régé. Adájọ́ dé, kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé aṣọ ara ẹṣin máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, pé agbádá ẹni tó gùn ún máa há mọ́ àlùkẹ́ńbù, àti pé òun ò mọ irú ayẹyẹ tí èyí jẹ́. Ipò kẹfà nínú ẹṣin mẹ́fà! Ẹni tí kò fojú kan Ìjẹ̀bú rí ló ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe ń gẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Mo ní kí n ṣàlàyé, wọ́n ní kí n dákẹ́, olùdíje kì í bá adájọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí mo ti ń bínú ni mo ti gbàgbé ẹṣin kejì sínú búùtù mọ́tò. Ike ni, oòrùn Texas sì nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ kí n tó padà dé. Ẹ má fi ẹṣin sílẹ̀ nínú mọ́tò láé.

Ká sọ òótọ́, agbádá yẹn gùn jù. Ṣùgbọ́n káàdì àlàyé tí mi ò kọ ló pa mí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ìdílé àwọn Balógun ló ń gẹṣin, ìrìn lẹṣin yìí ń rìn, kì í sáré. Ẹ lẹ àwòrán ẹṣin gidi mọ́ ọn, èyí tí aṣọ rẹ̀ gùn bíi ti yín. Lọ́dún kejì, mo gé agbádá kúrú díẹ̀, mo kọ káàdì, mo ṣe ipò kejì. Nínú ìdíje tí NAMHSA, ẹgbẹ́ ìdíje ẹṣin ìṣeré Àríwá Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí, ẹni kìíní àti ẹni kejì ló ń gba káàdì NAN, ìwé tí wọ́n fi ń wọ ìdíje àgbà wọn, ẹ wá wo ohun tí mo fi ṣeré lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹ má lo Barbie o, ó tóbi ju ẹṣin yẹn lọ. Ọmọláńgidi tó ga tó ínǹṣì mẹ́jọ ló bá a mu. Ẹ má sì jẹ́ kí gàárì aláwọ̀ sùn lórí ẹṣin, aró ara awọ máa ń ràn mọ́ ike. Ìjánu, ẹ mọ ìyẹn: igun ẹnu ni kó wà.

Háà, ìbéèrè yín! Kíláàsì costume ni, ti ẹṣin tí wọ́n wọ̀ láṣọ ayẹyẹ, àmọ́ ẹ ka ìwé òfin ìdíje náà kí ẹ tó sanwó. Ti ọmọláńgidi, ẹ ra èyí tó ní wáyà nínú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ìda alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń mú ère dúró lórí pẹpẹ sábẹ́ ìdí rẹ̀, kó má ju orí ìṣáná lọ. Museum wax ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àlùkẹ́ńbù, ìka tiwa ti tóbi jù.