Bí ogun Gíríìkì àtijọ́ bá máa di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìtàn, o ò kọ́ Gíríìkì rí, ogun Sparta àti Athens ló sì wù ọ́ láti máa ṣe ìwádìí lé lórí títí ayé. O wá ń béèrè ibi tí wàá ti mú un. Èdè ni kí o kọ́kọ́ mú. Ogun yẹn ò ní sá lọ. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tó ti parí.

Ìwọ̀nba òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́ ló gbé ìròyìn ogun wọ̀nyẹn dé ọ̀dọ̀ wa: Herodotus, Thucydides, Xenophon, lẹ́yìn wọn Polybius, Diodorus àti Plutarch. Gbogbo wọn ló ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ ogun bá ti rú òǹtúmọ̀ lójú, òun ló máa ń pinnu bí nǹkan ṣe rí, kò sì ní sọ fún ẹ pé òun ti pinnu. Tí o bá gbé tísíìsì karí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ Gíríìkì nínú àwọn tó ń dá ọ lẹ́jọ́ á wó o lulẹ̀.

Fi wákàtí kan sí méjì sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ojoojúmọ́ ni mo wí, kì í ṣe wákàtí mẹ́wàá ní Sátidé. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì ní ìrísí rẹpẹtẹ, ọ̀sẹ̀ kan péré tí o bá fi í sílẹ̀ ti tó láti gbàgbé èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Parí ìwé gírámà kan pátá kí o tó mú òmíràn, nítorí àwọn tó ń fo láti ìwé kan sí èkejì kì í kúrò ní orí kẹfà. Lẹ́yìn náà, Xenophon ni kí o kọ́kọ́ kà. Èdè rẹ̀ mọ́, ọ̀gágun sì ni òun fúnra rẹ̀. Herodotus ló tẹ̀ lé e, ẹ̀ka èdè tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Thucydides ni kó gbẹ̀yìn. Ìròyìn ogun rẹ̀ ṣeé kà, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó fi sẹ́nu àwọn olórí ìlú máa ń yọ àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá lẹ́nu.

Perseus, àkójọ ìwé Gíríìkì àti Látìnì, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tí o bá tẹ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, á sọ ìtumọ̀ àti gírámà rẹ̀ fún ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á máa tẹ gbogbo ọ̀rọ̀, wọ́n á rò pé àwọn ń kàwé, títí ìdánwò yóò fi gbé ojú ìwé kan tí wọn ò rí rí síwájú wọn láìsí kọ̀ǹpútà. Ka ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kí o tó tẹ ohunkóhun.

Látìnì ṣe pàtàkì pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o kọ́ni ní Gíríìsì nìkan. Jámánì àti Faransé náà ń bẹ níbẹ̀, fún kíkà nìkan, kò dìgbà tí o bá lè fi wọ́n nájà. Àkójọ ńlá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, Berlin ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, Látìnì sì ni wọ́n fi kọ àlàyé inú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló sì kọ́kọ́ fi ìṣirò wo ogun àtijọ́.

Gba ìṣirò kan kí o fi dán ara rẹ wò. Herodotus, nínú ìwé keje rẹ̀, ní àwọn tó ń jagun fún Xerxes, ọba Páṣíà tó gbógun ti Gíríìsì, lọ́dún 480 ṣáájú Kristi jẹ́ 2,641,610. Ó ní àwọn ẹrú àti ìránṣẹ́ tó tẹ̀ lé wọn kò lè dín sí iye yẹn, ó bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 5,283,220. Ó wá ní kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọkà choinix kan lóòjọ́, èyí tó tó nǹkan bíi lítà kan, ó sì rí i pé medimnos 110,340 ni wọ́n máa jẹ lójúmọ́. Choinix 48 ló wà nínú medimnos kan. Pín in fúnra rẹ: 110,067 ni wàá rí. Ìṣirò rẹ̀ ò pé. Òpìtàn kì í dúró síbi àṣìṣe yẹn, ó máa ń béèrè ohun tó kàn: ta ló gbé ọkà náà? Màlúù àti ràkúnmì tó gbé e ńkọ́, kí ni wọ́n jẹ, odò wo ni wọ́n mu? Hans Delbrück, òpìtàn ará Jámánì, ṣírò bí irú ẹgbẹ́ ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ṣe máa gùn tó lójú ọ̀nà, ó ní nígbà tí iwájú bá fi dé Thermopylae, ọ̀nà tóóró létí òkun ní Gíríìsì, ẹ̀yìn lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde ní Susa, ìlú ọba Páṣíà. Tí ìṣirò báyìí bá ń sú ọ, yan iṣẹ́ míì, nítorí òun ló kún inú iṣẹ́ yìí. Idà ò tó nǹkan níbẹ̀.

Apá kejì iṣẹ́ náà ni kí a fi ẹ̀rí wé ẹ̀rí. Wo Leuctra, ìjà tí ìlú Thebes ti ṣẹ́gun Sparta lọ́dún 371 ṣáájú Kristi. Xenophon gbé ayé nígbà yẹn. Ó ní àwọn ará Thebes to ara wọn ní ìlà 50 sẹ́yìn ara wọn, ti Sparta ò ju 12 lọ, àti pé nínú nǹkan bí 700 ọmọ ìbílẹ̀ Sparta tó wà lójú ogun, nǹkan bí 400 ló kú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìròyìn ìjà yẹn kò dárúkọ Epaminondas, ọ̀gágun Thebes. Ọ̀gbọ́n ogun tí gbogbo ayé ń yìn ín fún, ọ̀dọ̀ Diodorus àti Plutarch la ti rí i, èkíní kọ̀wé ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn ìjà, èkejì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé kí a gba ẹni tó gbáyé nígbà náà ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn Sparta, àbí àwọn tó dé lẹ́yìn ṣùgbọ́n tó ka ìwé tó ti sọnù fún wa? Ẹni tó bá lè kọ ojú ewé ogún lórí èyí láìfi ariwo bò ó, òun ni wọ́n ń wá.

Lórí àkòrí: fi àwọn ìjà olókìkí bíi Marathon àti Thermopylae sílẹ̀. Láti ọdún 1989 tí òpìtàn Victor Davis Hanson ti gbé àbá rẹ̀ jáde lórí bí àwọn alásà Gíríìkì ṣe ń kọlu ara wọn ni àríyànjiyàn ti gbóná, Hans van Wees àti àwọn míì sì ti ta kò ó gan-an. O gbọ́dọ̀ mọ ìjà náà tinútẹ̀yìn, àmọ́ tísíìsì tó kàn ń gbè sẹ́yìn apá kan ti pẹ́ jù. Ilẹ̀ tí kò tíì ṣá wà níbòmíràn: oúnjẹ àti owó oṣù ọmọ ogun, àwọn ẹrú tó ru ẹrù, àwọn tí kò ní ìhámọ́ra, ìlú tí wọ́n sàga tì, egungun òkú. Ní Himera ní Sísílì, wọ́n hú ibojì àwọn tó kú nínú ogun ọdún 480 àti ti 409 ṣáájú Kristi. Àyẹ̀wò eyín wọn fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti 480 tí wọ́n yẹ̀ wò kì í ṣe ọmọ agbègbè náà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ibẹ̀ ló pọ̀ nínú ti 409. Diodorus ti sọ pé àwọn ará Himera rí ìrànlọ́wọ́ gbà nígbà àkọ́kọ́. Kò sọ pé àwọn kan nínú wọn ti ọ̀nà jíjìn réré wá. Bákan náà, ọmọ Yorùbá tó bá mọ bí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ṣe bọ́ àwọn ọmọ ogun wọn nígbà Kírìjì, láti 1877 sí 1893, ní ìbéèrè lẹ́nu tí ẹlòmíì ò ní. Kàn má fipá so wọ́n pọ̀: ìbọn wà ní Kírìjì.

Ohun ìjà tí wọ́n tún rọ wúlò, ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún un. Asà ńlá wọn fẹ̀ tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wúwo tó kílò mẹ́fà sí mẹ́jọ. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi Olympias ní àwòṣe ọkọ̀ ogun Gíríìkì àtijọ́, wọ́n sì gbé e sómi lọ́dún 1987 pẹ̀lú àjẹ̀ 170, àmọ́ àlàfo tí wọ́n fi sáàárín atukọ̀ kan àti èkejì kéré jù fún ẹsẹ̀ àwọn èèyàn òde òní, wọn ò lè na ara wọn dáadáa, eré ọkọ̀ náà ò sì tó ohun tí Xenophon wí. Tí o bá dé Thermopylae, má fi ojú rẹ gba ibẹ̀ gbọ́: erùpẹ̀ odò Spercheios ti ti òkun sẹ́yìn ní kìlómítà mélòó kan, ọ̀nà tóóró náà ti di pápá.

Ní ti ibi ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ka Classics (ìmọ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́) ní Yunifásítì Ìbàdàn ti wà látìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1948; kọ́ Gíríìkì àti Látìnì níbẹ̀ kí o tó ronú àtifò. PhD ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní owó ìrànlọ́wọ́ ọdún márùn-ún, wàá máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí o ti ní èdè méjèèjì lọ́wọ́ kí o tó dé. Ní Britain, MA jẹ́ ọdún kan, ó sì máa ń gba ẹni tí kò mọ èdè rárá. PhD jẹ́ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, owó ibẹ̀ ló le. Má fi owó ara rẹ tàbí ti bàbá rẹ san PhD. Tí wọn ò bá fún ẹ lówó, dúró di ọdún tó ń bọ̀, kí o máa ka Xenophon lọ.

Iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, n kò ní tan ọ́. Ìpolówó iṣẹ́ kì í kọ “ogun Gíríìkì”. “Ìtàn ayé àtijọ́” ló máa ń kọ, ìyẹn ni pé wàá kọ́ni láti Mycenae, ìlú Gíríìkì ayé ìgbà láéláé, títí dé àwọn ọba Róòmù, wàá sì fi gírámà lé e. Fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan lo máa rí. Ipò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta ti British Academy àti ti Leverhulme, àwọn àjọ tó ń náwó sí ìwádìí ní Britain, wà, ogunlọ́gọ̀ ló ń dù ú. Howard University ní Amẹ́ríkà kéde lọ́dún 2021 pé òun ń ti ẹ̀ka Classics tirẹ̀ pa. Nítorí náà, rí i pé jọ́nà ti gba àpilẹ̀kọ rẹ kan ó kéré tán kí o tó gbèjà tísíìsì. Àyẹ̀wò jọ́nà lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kọ ọ́ mọ́ kàlẹ́ńdà rẹ. Kíkọ́ Látìnì ní sẹ́kọ́ńdìrì nílẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù àti ti ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe ìtìjú.

Tí o bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí o fẹ́ kó bójú tó iṣẹ́ rẹ, kó má ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ: ìbéèrè rẹ, ìwé Gíríìkì tó ru ìbéèrè náà àti ojú ibi tó wà níbẹ̀, iye ọdún tí o ti fi kọ́ èdè. Má sọ fún un pé sinimá ló gbé ọ dé ibẹ̀; ó ti mọ̀. Sọ fún àwọn tó máa kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìparí, kí o sì tún rán wọn létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.