Èsì: Ṣé ẹkún lòdì sí ìgbàgbọ́ nínú àjíǹde?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní wọ́n ń bá yín wí pé ẹkún tí ẹ ń sun nítorí ikú ìyá yín fi hàn pé ẹ kò gba àjíǹde gbọ́. Rárá, ẹkún yín kò fi hàn pé ẹ kò gba àjíǹde gbọ́. Jésù mọ̀ pé òun fẹ́ jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún kí ó tó dé ibojì rẹ̀ (Jòhánù 11:35). Ẹni tó ń bá yín wí nítorí omijé ti le ju Olúwa fúnra rẹ̀ lọ.

Ìbànújẹ́ aláìnírètí ni Pọ́ọ̀lù kọ̀ fún wa nínú 1 Tẹsalóníkà 4:13, kò ka ìbànújẹ́ lásán léèwọ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i kí ọ̀fọ̀ náà má ṣe sọ gbogbo ohun tó kù láti ṣe di asán lójú yín.

Ìparí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ nípa àjíǹde ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà dé. Lẹ́yìn tí ó ti fi odindi ẹsẹ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ṣàlàyé àjíǹde nínú 1 Kọ́ríńtì 15, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló fi parí rẹ̀, pé làálàá wa nínú Olúwa kì í ṣe asán. Aláìsàn tí ẹ bẹ̀ wò àti ẹni tí ẹ dárí jì wà lára làálàá náà, nítorí pé Ọlọ́run tí yóò jí ara dìde kò fojú kéré ohun tí a fi ara náà ṣe.